Ìyá Oníyán Tí Kò Gúnyán Mọ́

Ọ̀sán ni Ìyá àgbà mi kú, ní wákàtí tí ebi máa ń pa èrò ọ̀nà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ wọn sórí ẹní tán ni awakọ̀ kámíọ̀ kan tó ń ti Atakpamé bọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó sì ké wọlé pé, "Ìyá Oníyán, kí ló wà nínú ìkòkò lónìí?" Ó yọjú, ó rí àwọn obìnrin tó káwọ́ lérí, ó ṣí fìlà. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sídìí ààrò. Ẹ̀bẹ tí wọ́n sè láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sè kẹ́yìn láyé. Mo bu ú fún awakọ̀ náà, ó jókòó sórí pákó, ó jẹ ẹ́ tán tomijé tomijé, kó tó bi mí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí Ìyá àgbà ìbá ti fẹ́ ẹ nìyẹn. Bí ìròyìn burúkú bá ń dúró de èrò kan, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni pé, "Fún un lóúnjẹ ná, kó o tó sọ fún un."

Ní Glei, tí ẹ bá béèrè Ìyá Oníyán, ọ̀rọ̀ méjì lẹ máa gbọ́. Àkọ́kọ́ ni pé láti Notsé títí dé Atakpamé, kò sí oúnjẹ ọ̀nà tó dà bíi tiwọn. Ìkejì, àwọn ènìyàn máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́: pé obìnrin náà tìtorí àwo iyán fa ọmọ bíbí inú rẹ̀ lé àwọn gáàdì ìjọba lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ lódò, mo gbọ́ ọ lọ́jà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu màmá mi. Ọmọ tí wọ́n ń sọ yẹn, bàbá mi ni. Mi ò jókòó láti kọ ìtàn ayé Ìyá àgbà láti ìbí dé ikú. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló gbé mi dédìí ìwé. Irọ́ ni. Orúkọ Ìyá àgbà wà nínú ẹrẹ̀, èmi nìkan ló kù tó lè fà á yọ.

Àtíbàbà wọn kò ju òpó mẹ́fà àti imọ̀ ọ̀pẹ lọ. Ó wà níbi tí ọ̀nà ńlá ti súnmọ́ ojú irin, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin àti ẹni tó bọ́ nínú kámíọ̀, pákó kan náà ni wọ́n máa jókòó lé. Àwọn tó ń ru òwú lọ sí ọjà máa ń yà, àwọn ìyàwó tó ń tẹ̀ lé ọkọ wọn lọ sẹ́nu iṣẹ́ máa ń yà, àwọn olóbì tó ń ti àríwá bọ̀ náà á yà. Ìyá àgbà ń kí oníkálùkù ní èdè rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ èrò Notsé, wọ́n á ní "Wezọ̀n," wọ́n á sì dúró kí onítọ̀hún dáhùn pé "Yoo" kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìgbakọ.

Ẹ̀bẹ lèèyàn ń bá níbẹ̀ lọ́jọ́ púpọ̀. Iṣu ni, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é títí díẹ̀ nínú rẹ̀ á fi yọ́ mọ́ omi, epo pupa, ata, àti ẹja gbígbẹ láti odò Mónò tí wọ́n ti fi ọwọ́ yọ egungun rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí iná bá ti kú tán ni wọ́n á tó ya ewé gboma sí i. Kí wọ́n tó bu ti ẹnikẹ́ni, àwọn fúnra wọn á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, wọ́n á mi orí, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Mo ti rí géńdé ọkùnrin tó ti rìn láti àárọ̀, tí ojú rẹ̀ le koko nígbà tó dé, tó jẹ ẹ́ dé ìdajì tó wá fara ti òpó bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n: Ìyá Oníyán. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gbé pẹ̀lú wọn kí n tó lọ sílé ọkọ, tí mi ò rí iyán lójú ní àtíbàbà náà. Bí àlejò bá béèrè, wọ́n á ní, "Iyán ti tán." Wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí a ò tíì dáná. Oníbàárà àtijọ́ kan máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá, iyán tó tán ní ọdún tí mo gbéyàwó, ọmọ mi ti ń sáré báyìí!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bu ẹja kún tirẹ̀. Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ máńgòrò, odó ńlá kan dojú bolẹ̀, koríko ti hù yí i ká, adìyẹ ló ń gùn ún. Wọn ò là á fi dáná, wọn ò sì yá ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò kan tọrọ rẹ̀ nígbà tó fẹ́ ṣe ìkómọ, wọ́n dá a lóhùn pé, "Odó yẹn ń sùn."

Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rú u: a kì í bi èrò níbi tó ń lọ kó tó jẹun. Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ti Lomé dé, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó gbé àpótí páànù lọ́wọ́. Ó jókòó, ó wo ẹ̀bẹ, kò fọwọ́ kàn án. Mo lanu láti béèrè ohun tó ń ṣe é, Ìyá àgbà fi ìdí ìgbakọ gbá mi lọ́rùn ọwọ́. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀bẹ kan ẹnu. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó ní bí ìyá òun ṣe ń sè é nìyẹn, pé wọ́n gbé òun lọ sí ọ́fíìsì kan ní Atakpamé, òun ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, òun ò gbọ́ èdè wọn, òun ò sì mọ ìgbà tí òun á tún rí ilé. Ìyá àgbà kò ṣe é ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n bu ìgbakọ kan sí i. Wọ́n ní, "Jẹ ẹ́ tán. Ohunkóhun tó bá ń dúró dè ẹ́ lọ́hùn-ún, kó bá ẹ pẹ̀lú ikùn tó kún."

Kí ẹnikẹ́ni má fi ikú sọ wọ́n di ẹni jẹ́jẹ́ o. Ìyá àgbà mi le. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń bá obìnrin ẹlẹ́ja jà, tí wọ́n á gbé ẹja kan sókè kí gbogbo èrò lè rí i: "Ẹja lo tà fún mi ni, àbí òòyà?" Ẹlẹ́ja á búra pé òun ò ní wá mọ́, ọjọ́ ọjà mìíràn á sì tún bá a lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kórìíra kí ènìyàn máa jẹun lóòró. Ìránṣẹ́ olóyè kan gba àwo, ó dúró ti òpó, ó ń kánjú, wọ́n sì gba àwo náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ láìka agbádá rẹ̀ sí. Ó ní ṣé wọ́n mọ ẹni tó rán òun ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, kó lọ jókòó. Ó jókòó. Bí ó ṣe ń jẹun ni wọ́n ń sọ fún un pé, "Ẹni tó bá jẹun lóòró, ọ̀nà ló jẹ ẹ́."

Sí èmi ọmọ ọmọ wọn, wọ́n le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀bẹ, wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀wà, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi imú mọ iyọ̀ tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n iyán, rárá. N ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ odó níbikíbi, ìbáà jẹ́ nílé àlejò. Nígbà tí mo wọ ilé ọkọ ní Atakpamé, ìtìjú ńlá ló jẹ́ fún mi. Ọmọ ọmọ Ìyá Oníyán kò lè gúnyán! Àwọn obìnrin ilé ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ sí Glei láti béèrè irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi. Ìdáhùn tó padà wá kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ máa se ẹ̀bẹ." Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé agídí ọjọ́ ogbó ni. Nígbà tí mo padà wá kí wọn ní Glei ni wọ́n kú.

Ìjà kan wà tí kì í ṣe ìjà ẹlẹ́ja. Ìyẹn ni ti màmá mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú bàbá mi ni màmá mi ti kó lọ sí ilé bàbá tirẹ̀, ní ìkángun Glei lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló bí àbúrò mi ọkùnrin sí. Èmi dúró lọ́dọ̀ Ìyá àgbà, gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí ọmọ obìnrin ṣe máa ń dúró ti ìyá bàbá rẹ̀. Bí ọdún bá dé, Ìyá àgbà á bu oúnjẹ, wọ́n á dé e, wọ́n á ní kí n gbé e lọ fún màmá mi. Màmá mi á da oúnjẹ náà fún ewúrẹ́ lójú mi. Á wá fọ abọ́ náà, á fi iyanrìn họ ọ́, á sì ní kí n gbé e padà. Abọ́ náà máa ń mọ́ ju bó ṣe wá lọ. Ìyá àgbà á gbà á, wọ́n á wo inú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó mọ̀ ọ́n fọ̀."

Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà odò, màmá mi kì í lè pa ẹnu mọ́. Á ní, "Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ fi iyán pa ọkọ mi. Ẹ kúkú ti mọ̀, ẹ sì gún un." Ó ń bú wọn, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dun ènìyàn jù. Ìyá àgbà á sọ garawa kalẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ tán láìgbójú sókè. Ìdáhùn wọn kì í yí padà: "Òótọ́ ni." Wọ́n á gbé omi wọn, wọ́n á máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo béèrè ìdí tí wọn kì í fi gba ara wọn sílẹ̀. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, mo sì ti ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn Sísítà. Mo ní gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́, pé ó ń tì mí lójú. Wọ́n ń ṣa gboma lọ́wọ́, wọn ò dá a dúró. Wọ́n ní, "Má da ara ẹ láàmú. Orí tèmi ti mọ ẹrù náà."

Ó yá kí n sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí.

Nígbà náà, wọ́n ń fa ojú irin kọjá Atakpamé lọ sí àríwá. Ìwé ìjọba á dé ọ̀dọ̀ olóyè pé kó kó ọkùnrin wá síbi iṣẹ́ náà, wọ́n á ka orúkọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde á di ẹrù rẹ̀. Bàbá mi, Kòfí, ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó padà dé pẹ̀lú ikọ́, àti ẹsẹ̀ ọ̀tún tí òkúta ti ya lù. Kò tíì pé ọdún tí orúkọ rẹ̀ tún jáde. Oyún àbúrò mi ti wọ oṣù rẹ̀ nínú màmá mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó lọ, wọn ò rí i. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ó ti lọ wá iṣẹ́ ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lódìkejì ààlà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ń sá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ẹnu ọmọ ọdún mẹ́jọ kò sì ní ìdérí. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ ni mo tó gbọ́ pé kò lọ ibì kankan. Inú oko tó wà lẹ́yìn àtíbàbà ló sá pamọ́ sí. Ó ń dúró kí màmá mi bímọ, kí gbogbo wa lè jọ kọjá ààlà.

Èrò kò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wà ni Ìyá àgbà sè láàárọ̀. Mo rántí nítorí pé iṣu wà nílé, mo sì ti bi wọ́n ìdí tí a fi ń jẹ ẹ̀wà fún ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí n dákẹ́. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, wọ́n gbé iṣu kaná. Wọ́n wá wé gèlè, wọ́n ní àwọn ń lọ wo nǹkan kan níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, pé àwọn ń bọ̀ kíá. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá dé, bu ẹ̀wà fún un. Má fọwọ́ kan ọmọ odó." Wọ́n sábà máa ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ odó náà ga jù mí lọ, wọ́n sì ní ó lè já lé mi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọmọ odó kékeré kọ́ mi ní iyán gígún lọ́dún náà, ọwọ́ mi sì ti ń gbé e.

Ọkùnrin méjì gba ọ̀nà àárín igbó dé. Wọ́n wọ aṣọ gáàdì, wọ́n mú fìlà pupa wọn lọ́wọ́, wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti dàgbà, ó sọ sálúbàtà rẹ̀ kọ́ ọrùn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún, ó mí kanlẹ̀. Mo bu ẹ̀wà. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀wà là ń jẹ lójoojúmọ́. Láti Notsé ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tí ò bá tíì jẹ iyán Glei, kò tíì rin ọ̀nà yìí. Ṣé kò sí iyán ni?"

Mo wo iṣu nínú ìkòkò, ó ti jinná, ó ń rú èéfín. Mo wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Mo bi ara mi pé kí ni Ìyá àgbà ìbá ṣe, ó sì dá mi lójú pé wọn ò ní jẹ́ kí èrò lọ pẹ̀lú ìfẹ́ nǹkan lẹ́nu. Àánú ṣe mí, tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí ẹnì kan yìn mí. Mo gbé ọmọ odó ńlá.

Odó Ìyá àgbà dáa létí, ó máa ń dún dé odò. Mo gún un, òógùn bò mí. Ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ bíbó náà ń mi orí, ó ní, "Ọwọ́ ẹ dáa, ọmọ mi." Mo gbójú sókè kí n lè gbọ́ ìyìn náà dáadáa, mo sì rí bàbá mi. Ó ti inú oko jáde, koríko wà ní irun rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Kò tíì rí àwọn gáàdì, òpó àti imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n. Àwọn náà kò tíì rí i, wọ́n kẹ̀yìn sí oko. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Mo ní, "Bàbá! Bàbá ti dé!"

Wọ́n yíjú. Bàbá mi sá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn kò gbé e dé ibì kankan. Abẹ́ máńgòrò ni gáàdì kejì ti bá a. Aṣọ ìbora rẹ̀ ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n mú un kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó dúró, ó wò mí. Mo ti ń sunkún, mi ò sì mọ ohun tí mo ń sunkún sí. Ó ní, "Má jẹ́ kó tutù, Ablá. Iyán tó bá tutù, kókó ló ń dà." Gáàdì tó dàgbà náà wo iyán, ó wo èmi, ó wo bàbá mi. Ó wọ sálúbàtà rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bíbó náà. Kò jẹ iyán náà.

Ìyá àgbà dé lórí eré, gèlè ti já sílẹ̀ lọ́nà. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà oko, lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí. Wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ nígbà tí màmá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú dé. Kò béèrè ibi tí wọ́n mú ọkọ rẹ̀ gbà. Ohun tó ń béèrè ni pé, "Ta ló gúnyán? Ta ló gúnyán lónìí?"

Ìyá àgbà dúró ti odó, ọmọ odó wà lọ́wọ́ wọn, iyán ṣì lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni. Èrò béèrè iyán, mo gbàgbé ara mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pè mí sí ìdí ààrò. Wọ́n ní, "Ablá, ta ló gúnyán lónìí?" Mo ní, "Èmi ni." Wọ́n ní, "Rárá. Ta ló gún un?" Mo wò wọ́n. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ odó tí wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn ni, pé wọn ò fẹ́ kí màmá mi nà mí. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá àgbà." Wọ́n mú mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bó ṣe rí nìyẹn." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n yí odó lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Bàbá mi kò padà wá. Kí ọdún tó yípo, ìròyìn dé láti ibi iṣẹ́ pé ikọ́ náà ti pa á, wọ́n sì ti sin ín lẹ́bàá ojú irin. A ò mọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin Ìyá àgbà, màmá mi wá sí àtíbàbà. Kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó dúró ní ìta, ó ní òun wá kí mi, òun ò wá kí òkú. Inú bí mi. Mo sọ ohun tí mo ti gbà gbọ́ láti kékeré, mo sì sọ ọ́ bí Ìyá àgbà ṣe kọ́ mi, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Wọ́n kàn fún àwọn tí ebi ń pa lóúnjẹ ni. Ìyẹn ló dá àwọn gáàdì dúró títí Bàbá fi dé. Wọn ò mọ̀ pé ó ń bọ̀."

Màmá mi wò mí tìyanu-tìyanu. "Wọn ò mọ̀ kẹ̀? Iyán náà ló pè é! Àdéhùn wà láàárín àwa mẹ́ta. Bí ọ̀nà ò bá dára, ẹ̀wà ni wọ́n á sè, odó ò ní dún. Bí ọ̀nà bá ti dá, tí kò sí gáàdì, wọ́n á gúnyán. Bí ọkọ mi bá ti gbọ́ odó, á wá jẹun. Èmi náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Inú mi dùn. Mo ní ọkọ mi á jẹun lónìí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Iṣu tó ń sè de ìgbà tí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí i pé àwọn gáàdì ti wọ ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀ tò sójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá àgbà mi fi ru ú lójú odò, lójú ọjà, kí n má bàa mọ̀, kí ìyá tó bí mi má bàa kórìíra mi. Mo fẹ́ràn wọn lọ́jọ́ náà débi pé ó ń dùn mí láyà, wọn ò sì sí níbẹ̀ kí n sọ ọ́ fún wọn. Mo lè dákẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo wo ìyá mi tó dúró ní ìta ilé òkú láìwọ aṣọ ọ̀fọ̀, mi ò lè ṣe é.

Mo ní, "Màmá, Ìyá àgbà kò sí nílé. Èmi ni mo gún un."

Kámíọ̀ kan kọjá, eruku rẹ̀ bò wá, kò sẹ́ni tó nù ún. Màmá mi ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá bú wọn, wọ́n á ní òótọ́ ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Kò fọwọ́ kàn mí. Kò bú mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sẹ́yìn ilé, ó ti odó, odó kò ṣí. Mo lọ bá a. Àwa méjèèjì fà á yọ nínú koríko, a gbé e nàró. Ikán ti jẹ ẹnu rẹ̀ lápá kan. Màmá mi pọn omi, ó fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn họ ọ́ bó ṣe máa ń họ abọ́ yẹn. Ó wọ ilé Ìyá àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ó mú iṣu jáde, ó gbé e kaná. Nígbà tó jinná, ó kó o sínú odó, ó sì na ọmọ odó sí mi.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n gún."

Ó ní, "O mọ̀ ọ́n gún tẹ́lẹ̀."

Ó gbé àpótí, ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà oko. Ó ní, "Gún un, Ablá. Ọ̀nà ti dá."

Mo gún un. Ó dún dé odò, bó ṣe máa ń dún. Kò sẹ́ni tó ti inú oko jáde.